Irinṣẹ́ àti Àìsàn: Ìtàn Ààbò Nínú Iṣẹ́ Abẹ Oníhò-kékeré fún Yíyọ Ilé-ọmọ, 1988–2021

1. Ìfáárà

Nínú ìtàn iṣẹ́ abẹ, orúkọ oníṣẹ́ abẹ tí ó kọ́kọ́ dá àṣà kan sílẹ̀ ni àwọn òpìtàn sábà máa ń gbé ga. Irinṣẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ gba àfiyèsí, àfi ìgbà tí ó bá ṣe ìjàm̀bá. Àwọn Yorùbá sì ti sọ ọ́ pé ọ̀bẹ kì í mú kí ó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe bá ènìyàn wí náà ni ó bá irinṣẹ́ wí: irinṣẹ́ tí ó mú kò lè ṣe ẹlẹ́rìí fún ara rẹ̀ pé òun kò léwu.

Ohun tí pépà yìí dá lé lórí ni ìtàn irinṣẹ́ tí a fi ń yọ ilé-ọmọ obìnrin láti inú ihò kékeré, pàápàá jù lọ níbi tí jẹjẹrẹ bá wà. Àkókò tí ó kó já bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1988, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ó sì parí sí ọdún 2021. Àbá tí ó gbé kalẹ̀ ni pé ààbò kì í ṣe ohun tí ó wà lára irinṣẹ́ nìkan. Irinṣẹ́ kan náà lè jẹ́ ìtura fún aláìsàn kan, kí ó sì jẹ́ ikú fún èkejì, nítorí pé àìsàn tí ó bá pàdé nínú ara ni ó ń fi irú ẹni tí ó jẹ́ hàn.

Kí ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ síwájú, ó yẹ kí ìyàtọ̀ wà láàárín oríṣi àìsàn mẹ́ta tí yóò máa jẹ yọ. Èkíní ni ìju, èyí tí í ṣe kókó tí ń hù lára ẹran ilé-ọmọ, tí kì í sì í ṣe jẹjẹrẹ. Èkejì ni jẹjẹrẹ awọ inú ilé-ọmọ. Ẹ̀jẹ̀ tí ń wá lẹ́yìn tí nǹkan oṣù obìnrin ti dúró ni ó sábà máa ń tú u fó, oníṣègùn sì lè gé díẹ̀ nínú awọ náà láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀kẹta ni sarcoma, jẹjẹrẹ tí ń bẹ̀rẹ̀ láti inú ẹran ilé-ọmọ fúnra rẹ̀. Ó ṣọ̀wọ́n, ó sì burú. Ìṣòro tí ó ga jù nínú rẹ̀ ni pé ó lè jọ ìju tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi sí àyẹ̀wò tí ó lè fi gbogbo ẹnu yà wọ́n sọ́tọ̀ kí iṣẹ́ abẹ tó bẹ̀rẹ̀. Lórí ìjọra yìí ni gbogbo ìtàn tí ó tẹ̀ lé e dúró.

2. Òfin Odindi

Yíyọ ilé-ọmọ nítorí jẹjẹrẹ kì í ṣe ohun àná. Ní ọdún 1813, Conrad Langenbeck yọ ilé-ọmọ obìnrin kan láti ojú ara ní ìlú Göttingen ní ilẹ̀ Jámánì. Ní ọdún 1878, Wilhelm Alexander Freund la ikùn ní ìlú Breslau láti yọ ilé-ọmọ tí jẹjẹrẹ wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ó di ọdún 1898, Ernst Wertheim bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ tí ó gbòòrò ju ti àwọn aṣáájú rẹ̀ lọ ní ìlú Vienna fún jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ: kì í ṣe ilé-ọmọ nìkan ni ó ń yọ, ó ń kó ẹran tí ó yí i ká pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn obìnrin tí ó kú nínú iṣẹ́ abẹ àtijọ́ wọ̀nyí pọ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ tí ń dà àti egbò tí ń kẹ̀.

Síbẹ̀, láti inú ìnira yẹn ni òfin kan ti jáde wá tí gbogbo oníṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ tẹ́wọ́ gbà: kí a mú kókó jáde ní odindi, kí a má fọ́ ọ, kí a má tú u ká. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tí ó bá já bọ́ sínú ikùn lè fara mọ́ ibòmíràn, kí ó sì hù níbẹ̀ bí irúgbìn. Oníṣẹ́ abẹ tí ó la ikùn gbọọrọ kò ní ìṣòro láti pa òfin yìí mọ́, nítorí pé ojú tí ó là tó fún ohun tí ó fẹ́ mú jáde. Ìgbà tí ojú náà di kékeré ni òfin àtijọ́ àti irinṣẹ́ tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í ta ko ara wọn.

3. Bí Ihò Kékeré Ṣe Dé

Àwọn oníṣègùn ti ń wá ọ̀nà àtiwo inú ara láìla á tipẹ́. Georg Kelling ti fi awò wo inú ikùn ajá ní Jámánì ní ọdún 1901. Hans Christian Jacobaeus ti ìlú Stockholm sì tẹ ìròyìn nípa irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ lára ènìyàn jáde ní ọdún 1910. Ní ọdún 1938, János Veress, ọmọ ilẹ̀ Hungary, ṣàpèjúwe abẹ́rẹ́ kan tí ó ní sípíríǹgì. Bí ẹnu mímú abẹ́rẹ́ náà bá ti la awọ já tán, irin kan tí orí rẹ̀ kò mú yóò ta jáde láti bò ó, kí ó má ba ohun tí ó wà nísàlẹ̀ jẹ́. Nítorí ikọ́ ẹ̀gbẹ ni Veress ṣe é, láti fi afẹ́fẹ́ sí àyà; àwọn tí ó tẹ̀ lé e ni wọ́n sọ ọ́ di abẹ́rẹ́ ikùn.

Àpẹẹrẹ ìrònú nípa ààbò ni abẹ́rẹ́ yìí. Ẹni tí ó ṣe é mọ̀ pé ọwọ́ oníṣègùn kò lè rí ohun tí ó wà lábẹ́ awọ, ó sì fi ìṣọ́ra sínú irin náà fúnra rẹ̀. Síbẹ̀, ìwọlé àkọ́kọ́ sínú ikùn kò yé jẹ́ ibi ewu. Abẹ́rẹ́ tàbí ọ̀pá ẹlẹ́nu ṣóńṣó lè gún ìfun, ó sì lè gún iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá. Nítorí èyí ni Harrith Hasson fi gbé ìlànà mìíràn kalẹ̀ ní ọdún 1971: kí a fi abẹ la ojú kékeré nídìí ìdodo, kí a fojú rí ibi tí a ń wọ̀, kí a tó ti ọ̀pá wọlé.

Ẹni tí ó ṣe jù láti sọ awò di ohun èlò iṣẹ́ abẹ láàárín àwọn oníṣègùn obìnrin ni Kurt Semm ti ìlú Kiel. Ó ṣe ẹ̀rọ tí ń fi afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù sínú ikùn ní ìwọ̀n, tí ó sì ń ṣọ́ agbára afẹ́fẹ́ náà kí ó má baà pọ̀ jù. Ní ọdún 1980, ó yọ àpẹ́ńdíìsì láti inú ihò kékeré, ọ̀pọ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì bínú sí i. Ní oṣù January, ọdún 1988, Harry Reich yọ ilé-ọmọ lọ́nà yìí ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1992, ìròyìn ti jáde pé wọ́n ti lò ó fún jẹjẹrẹ awọ inú ilé-ọmọ.

Èrè rẹ̀ hàn kedere. Egbò kéré, ìrora dín kù, aláìsàn sì ń tètè padà sílé. Ṣùgbọ́n ihò kékeré mú ìṣòro tirẹ̀ wá. Ojú oníṣẹ́ abẹ ti di ojú kámẹ́rà, ibi tí kámẹ́rà kò bá kọjú sí sì ti di òkùnkùn. Iná mànàmáná tí wọ́n fi ń jó iṣan ẹ̀jẹ̀ pa ni ó kọ́kọ́ fi èyí hàn. Irin gígùn tí iná ń gbà kọjá ní awọ tí ó bò ó; bí awọ náà bá sán, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ojú sísán tí kò tó nǹkan, iná lè jò gba ibẹ̀ jáde, kí ó sì jó ìfun níbi tí ẹnikẹ́ni kò wò. Ìfun tí ó jóná kì í sì í sábà lu lójú ẹsẹ̀. Ó lè tó ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn tí aláìsàn ti délé kí ikùn rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wú, kí ara rẹ̀ sì máa gbóná. Ọ̀rọ̀ yìí kò parí nígbà tí ẹ̀rọ rọ́bọ́ọ̀tì dé. Ní ọdún 2013, ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe rọ́bọ́ọ̀tì da Vinci kìlọ̀ fún àwọn ilé ìwòsàn pé sísán wẹ́wẹ́ lè wà lára irú sísọ́ọ̀sì oníná kan tí ó ń tà, iná sì lè ti ibẹ̀ jò sára aláìsàn.

4. Ẹ̀rọ Tí Ń Gé Nǹkan Wẹ́wẹ́

Bí a bá ti gé ilé-ọmọ kúrò lára ohun tí ó so ó mọ́ ikùn, ìbéèrè kan ṣẹ́ kù: ọ̀nà wo ni yóò gbà jáde? Bí ó bá kéré, ó lè gba ojú ara jáde ní odindi. Bí ìju bá ti sọ ọ́ di ńlá, tàbí tí ó bá jẹ́ pé ìju nìkan ni wọ́n yọ tí wọ́n fi ilé-ọmọ sílẹ̀, kò sí ojú tí ó tó. Láti dáhùn ìbéèrè yìí ni ẹ̀rọ tí a ń pè ní morcellator ṣe jáde. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí ti ìṣáájú. Ní ọdún 1993, R. A. Steiner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìròyìn jáde nípa èyí tí ń lo iná mànàmáná. Ó jẹ́ ọ̀pá oníhò tí abẹ mímú yí ẹnu rẹ̀ po; abẹ náà ń yí kíákíá, oníṣẹ́ abẹ sì ń fa ẹran gba inú rẹ̀ kọjá bí ẹni tí ń bó èèpo ọsàn. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ohun tí ó tóbi bí orí ọmọ ti di wẹ́wẹ́.

Bí abẹ náà ṣe ń yí ni ó ń ta èérún ẹran sí gbogbo inú ikùn. Bí ìju ni, ìpalára rẹ̀ kò sábà pọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èérún ìju pàápàá lè hù níbòmíràn. Ṣùgbọ́n bí sarcoma bá fara pa mọ́ sínú ohun tí wọ́n pè ní ìju, jẹjẹrẹ tí ó wà ní ojú kan ṣoṣo ti di ohun tí a fọ́n ká bí èso àgbàdo. Òfin odindi ti bàjẹ́, ẹni tí ó bà á jẹ́ kò sì mọ̀.

Báwo ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe rí àyè wọ ilé ìwòsàn? Ìdáhùn wà nínú òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 1976 lórí irinṣẹ́ ìṣègùn. Òfin náà fi àyè sílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ láti ta irinṣẹ́ tuntun bí ó bá lè fi hàn pé ó jọ èyí tí ó ti wà lọ́jà tẹ́lẹ̀, láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ dán an wò lára ọ̀pọ̀ aláìsàn. Láàárín ọdún 1991 sí ọdún 2014, àjọ FDA, èyí tí ń mójú tó oúnjẹ, oògùn àti irinṣẹ́ ìṣègùn ní orílẹ̀-èdè náà, fọwọ́ sí ìbéèrè 25 fún irú ẹ̀rọ yìí. Ìjọra ni ẹ̀rí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹni tí ó bá jọ ẹlòmíràn lè jọ ọ́ nínú rere, ó sì lè jọ ọ́ nínú àléébù. Ìlànà náà kò ya méjèèjì sọ́tọ̀.

5. Ọdún 2013 sí Ọdún 2020

Kì í ṣe pé àwọn oníṣègùn kò gbọ́ nípa ewu yìí rí. Ìròyìn nípa sarcoma tí ẹ̀rọ gé wẹ́wẹ́ ti wà nínú ìwé ìṣègùn, ṣùgbọ́n wọ́n kà á sí ohun tí kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ilé ìwòsàn àti ilé-iṣẹ́ ni òfin béèrè ìròyìn ìjàm̀bá lọ́wọ́ wọn, oṣù December ọdún 2013 sì ni irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ nípa jẹjẹrẹ tí ó tàn ká ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọ̀dọ̀ àjọ FDA. Ẹ̀rọ tí ó ti wà lọ́jà fún ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kò ní àkọsílẹ̀ ẹ̀sùn yìí kan ṣoṣo. Àìsí ẹ̀sùn ni wọ́n sì ti kà sí àìsí ewu.

Ohun tí ó yí ọ̀rọ̀ padà ni pé aláìsàn kan mọ èdè àwọn oníṣègùn. Dókítà Amy Reed, oníṣègùn akunnilóorun àti ìyá ọmọ mẹ́fà, ṣe iṣẹ́ abẹ nítorí ìju ní oṣù October, ọdún 2013. Lẹ́yìn tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ gé ilé-ọmọ rẹ̀ wẹ́wẹ́ ni àyẹ̀wò fi hàn pé sarcoma wà nínú rẹ̀. Òun àti ọkọ rẹ̀, Hooman Noorchashm, tí í ṣe oníṣẹ́ abẹ, gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ ìjọba, àwọn aṣòfin àti àwọn oníròyìn. Dókítà Reed kú ní oṣù May, ọdún 2017.

Ní ọjọ́ 17 oṣù April, ọdún 2014, àjọ FDA kìlọ̀ pé kí àwọn oníṣègùn yẹra fún lílo ẹ̀rọ náà fún ìju. Ìṣirò tí wọ́n gbé jáde ni pé nínú obìnrin 350 tí ń ṣe iṣẹ́ abẹ nítorí ìju, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan ní sarcoma tí ẹnikẹ́ni kò fura sí. Ní ọdún kan náà, ilé-iṣẹ́ Johnson & Johnson dá títa ẹ̀rọ tirẹ̀ dúró, ó sì ní kí àwọn tí ó ti rà á dá a padà. Ní oṣù November, àjọ FDA pàṣẹ pé kí ìkìlọ̀ tí ó lágbára jù lọ wà lára ẹ̀rọ náà: kò gbọdọ̀ kan ẹran tí a mọ̀ tàbí tí a fura sí pé jẹjẹrẹ wà nínú rẹ̀, kò sì yẹ fún ọ̀pọ̀ obìnrin tí nǹkan oṣù wọn ti dúró tàbí tí ó ń fẹ́ dúró.

Àríyànjiyàn tí ó tẹ̀ lé e kì í ṣe kékeré. Àwọn oníṣègùn obìnrin kan sọ pé ìṣirò àjọ náà ga jù. Wọ́n fi kún un pé bí ẹ̀rù bá lé àwọn obìnrin padà sí ikùn lílà gbọọrọ, ẹ̀jẹ̀ dídì, egbò kíkẹ̀ àti ìrora yóò pọ̀ sí i láàárín ọ̀pọ̀lọpọ̀ tí kò ní jẹjẹrẹ rárá. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìwúwo, nítorí pé ewu wà ní ìhà méjèèjì. Ó kan àwọn obìnrin dúdú ní Amẹ́ríkà ju àwọn mìíràn lọ, nítorí pé ìju wọ́pọ̀ láàárín wọn ju láàárín àwọn obìnrin funfun. Ṣùgbọ́n ìwúwo ewu méjèèjì kò dọ́gba lójú ẹni tí ó ń ru ú. Egbò tí ó kẹ̀ lè jinná. Sarcoma tí ó ti tàn ká inú ikùn kì í sábà gbọ́ oògùn. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ọ̀nà àbáyọ tí wọ́n rí ni àpò. Ní ọdún 2016, àjọ FDA fọwọ́ sí àpò kan tí a lè ti ẹran sí nínú ikùn, kí a sì gé e wẹ́wẹ́ nínú rẹ̀. Wọ́n pàṣẹ pé kí ẹni tí ó ń tà á sọ gbangba pé kò tíì sí ẹ̀rí pé àpò náà ń dí ìtànkálẹ̀ jẹjẹrẹ lọ́wọ́. Ní ọdún 2020, àjọ náà sọ pé níbi tí lílo ẹ̀rọ bá ti yẹ, inú àpò nìkan ni kí a ti lò ó.

6. Ṣé Ihò Kékeré Ni Ó Jẹ̀bi?

Ẹni tí ó bá ka ìtàn yìí títí dé ibí lè rò pé ihò kékeré fúnra rẹ̀ ni ó lòdì sí ìtọ́jú jẹjẹrẹ. Ẹ̀rí kò sọ bẹ́ẹ̀ fún jẹjẹrẹ awọ inú ilé-ọmọ. Nínú ìwádìí LAP2 ní Amẹ́ríkà, wọ́n fi bí ìbò ṣe mú pín obìnrin 2,616 sí ọ̀nà méjèèjì. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2009 fi hàn pé ìjàm̀bá ńlá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ jẹ́ 14 nínú 100 fún ihò kékeré, ó sì jẹ́ 21 nínú 100 fún ikùn lílà. Ní ọdún 2012, wọ́n fi kún un pé lẹ́yìn ọdún márùn-ún, nǹkan bí 90 nínú 100 ni ó wà láàyè ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Ìwádìí LACE lára obìnrin 760 ní Australia, New Zealand àti Hong Kong, tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2017, kò rí ìyàtọ̀ pàtàkì láàárín méjèèjì. Ìdí àṣeyọrí yìí kò lè ṣàìní í ṣe pẹ̀lú òfin odindi: ojú ara ni ilé-ọmọ ń gbà jáde nínú irú iṣẹ́ abẹ yìí, láìjẹ́ pé wọ́n gé e wẹ́wẹ́.

Ṣùgbọ́n ní ọdún 2018, ìwádìí LACC lórí jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ mú ìyàlẹ́nu wá. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin ààbọ̀, àwọn tí ó wà láàyè láìsí àìsàn nínú àwọn tí wọ́n la ikùn wọn jẹ́ 96.5 nínú 100. Ti àwọn tí wọ́n lo ihò kékeré fún jẹ́ 86. Oníṣẹ́ abẹ tí ó mọṣẹ́ ni wọ́n, ìlànà tí wọ́n tẹ̀ lé sì ti wà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọdún 2019, àjọ FDA kìlọ̀ nípa lílo rọ́bọ́ọ̀tì nínú iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ àwọn obìnrin.

Láàárín ohun tí wọ́n fura sí, ọ̀pá ìdarí ilé-ọmọ wà lára àwọn àkọ́kọ́. Ojú ara ni wọ́n ń ti ọ̀pá yìí gbà wọ inú ilé-ọmọ kí wọ́n lè máa tì í síwá sẹ́yìn níwájú kámẹ́rà. Bí kókó bá wà ní ọrùn ilé-ọmọ, ọ̀pá náà ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ìwádìí SUCCOR ní ilẹ̀ Yúróòpù, tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2020, fi hàn pé àìsàn padà wá púpọ̀ sí i lára àwọn tí wọ́n lo ọ̀pá náà fún. Ní ọdún 2021, ìwádìí mìíràn wo àkọsílẹ̀ obìnrin 2,661 tí ó ní jẹjẹrẹ awọ inú ilé-ọmọ ní ilé ìwòsàn 15 ní Sípéènì. Àìsàn padà sára 11.69 nínú 100 àwọn tí wọ́n lo ọ̀pá fún, àti sára 7.4 nínú 100 àwọn tí wọn kò lò ó fún. Nítorí pé àkọsílẹ̀ àtẹ̀yìnwá ni èyí, tí kì í ṣe pínpín bí ìbò ṣe mú, kò lè dá ẹjọ́ ní àdáparí. Ṣùgbọ́n ó ti gbé ìbéèrè náà kúrò ní ohun tí a lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn.

7. Ìgúnlẹ̀

Ohun mẹ́ta ni ìtàn yìí fi hàn. Èkíní, òfin àtijọ́ kò di ògbó nítorí pé irinṣẹ́ jẹ́ tuntun. Òfin odindi tí ó jáde láti inú ikùn lílà ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ó tún padà wá ṣe ìdájọ́ ẹ̀rọ oníná ọdún 1993. Èkejì, kò sí irinṣẹ́ kan nínú ìtàn yìí tí ó ṣe ohun tí wọn kò rán an. Ẹ̀rọ tí ń gé nǹkan wẹ́wẹ́ gé nǹkan wẹ́wẹ́. Ọ̀pá ìdarí darí ilé-ọmọ. Àìsàn tí wọ́n pàdé ni kò sí nínú ìṣirò àwọn tí ó fọwọ́ sí wọn. Ẹ̀kẹta, àìrí ìròyìn kì í ṣe ẹ̀rí àlàáfíà. Níbi tí kò bá sí ẹni tí ń kọ ìjàm̀bá sílẹ̀, àwọn tí ìjàm̀bá bá ni yóò máa kú lọ́kọ̀ọ̀kan, tí olúkúlùkù yóò sì máa rò pé ti òun nìkan ni.

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Nínú ọ̀ràn yìí, òkèèrè náà kì í ṣe yàrá iṣẹ́ abẹ. Ọjọ́ tí ilé-iṣẹ́ bá gbé irinṣẹ́ wá fún ìfọwọ́sí ni, nígbà tí ó yẹ kí ẹnì kan béèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ìju tí a rò pé a ń gé kò bá jẹ́ ìju.